Ọjọ́ Tí Mo Pe Orúkọ Alájì Sínú Orin Bàbá Délé

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tójú mi rí ní Àpòmù fún un yín. Àwọn kan ti rí fídíò rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e kiri pé ọmọ Ìkirè kan lọ bú onílé mọ́lé. Irọ́ ni. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ṣe burú ju èébú lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé orin kọ́ńtìrì ni mò ń kọ, èyí tó máa ń sáré, tí wọ́n ń fi bánjò, ohun èlò olókùn bíi gìtá, kọ, tí àwọn òyìnbó ń pè ní búlúgíráàsì. N kì í dá orin fúnra mi. Àwọn àgbà tó fi gìtá kọ orin kọ́ńtìrì ní Yorùbá nígbà èwe wọn ni mo máa ń lọ bá. Màá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á kọ́ mi, èmi á wá fi bánjò tún un ṣe.

Bàbá Délé ní Àpòmù ni ọ̀gá gbogbo wọn. Akọ̀wé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, èèyàn jẹ́jẹ́. Orin wọn tí mo fẹ́ràn jù ni ti Kọ́lá, àbúrò wọn tí wọ́n ṣá pa nínú oko kòkó, nídìí pèrègún ààlà. Ó ti lé lógójì ọdún, ọwọ́ ò sì tẹ ẹnikẹ́ni. Orin náà ò dárúkọ èèyàn kankan. Ìbéèrè ló fi ń parí: "Ta ló gbé àdá sókè lójú ààlà? Ta ni?" Gìtá á wá dákẹ́ díẹ̀.

Bàbá kìlọ̀ fún mi o. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí àwọn ṣe kọ ọ́, kí n má fi nǹkan kan kún un. Mo ní ẹ má ṣèyọnu, bàbá. Nínú ọkàn mi, mo ní ẹ ò rí àgbà àti agídí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Alájì Múfú ń ṣílé ní Àpòmù, wọ́n sì ní kí n wá kọrin. Mi ò mọ̀ wọ́n rí, inú ìwé ìpè ni mo ti rí orúkọ wọn àti ti Sàláwù bàbá wọn. Kòkó ni wọ́n ń tà, wọ́n sì kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ìyá wọn, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, jókòó tì wọ́n pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin olórin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ àṣà wa. Tí ẹsẹ orin bá parí, tí bánjò bá dákẹ́, ẹnu kì í dilẹ̀. Ẹ ó pe onílé, ẹ ó pe bàbá tó bí i. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé n kì í rò ó mọ́. Mo kọ orin Kọ́lá dé ìparí: "Ta ló gbé àdá sókè lójú ààlà? Ta ni?" Bánjò dákẹ́. Mo kọjú sí onílé, mo nawọ́ sí wọn, mo ní: "Alájì Múfú, ọmọ Sàláwù!"

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo rò pé orin ló wọ̀ wọ́n lára, mo bá tún un pè.

Ìgò mínírà ló kọ́kọ́ dé, ó bà mí létí. Àga tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Alájì mẹ́ta gun orí pèpéle. Èyí àkọ́bí fi bánjò mi na ògiri títí ọrùn rẹ̀ fi kán, ó wá fi bàtà tẹ ọwọ́ òsì mi mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ ìgbà tí ìka kán. Wọ́n ń lù mí, wọ́n ń bi mí pé ta ló rán mi láti wá pe ìdílé àwọn ní apànìyàn. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹnu mi. Mo ní ẹ ṣàánú mi, mi ò mọ nǹkan kan, orin Bàbá Délé ni.

Àṣìṣe kejì nìyẹn, òun ló sì ń dùn mí jù. Bí mo ṣe dárúkọ bàbá báyìí, wọ́n fi mí sílẹ̀. Àkọ́bí mú àdá, àwọn méjì yòókù mú igi, wọ́n forí lé ilé bàbá.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Ṣé akin ni mí ni? Rárá o. Bàbá Délé ń dá gbé ni, wọ́n sì ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Tí àwọn ọmọ náà bá pa bàbá, ta ló pa wọ́n bí kò ṣe èmi?

Kí n tó débẹ̀, àwọn ọmọ náà ti já ilẹ̀kùn, wọ́n ti wọ́ bàbá jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Igi balẹ̀ lápá bàbá, apá náà sì kán. Àkọ́bí ní kí bàbá sọ fáráyé pé irọ́ ni orin Kọ́lá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á ṣá wọn pa. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Mo ṣubú lé bàbá lórí kí n lè bò wọ́n. Ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó wá yí àdá náà padà, ó ku kó fi ojú rẹ̀ ṣá wa.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kadà fi dé. Ìyá Alájì ló gbé, màmá ò tiẹ̀ wọ bàtà. Àkọ́bí ní kí Ìyá Àgbà máa lọ sílé, pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Màmá kọjá lára rẹ̀. Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n wo Bàbá Délé lójú.

Wọ́n ní, "Bàbá Délé, ọmọ yìí ò purọ́. Sàláwù ọkọ mi ni. Èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Alájì ti wà lẹ́yìn wa nígbà náà, wọ́n gbọ́ ọ. Àṣé wọn ò mọ̀ rí. Wọ́n bú sẹ́kún, àwọn fúnra wọn ló sì fi mọ́tò gbé wa dé ọsibítù ní Ìkirè. Àwọn ọlọ́pàá ti kó àwọn ọmọ náà, ẹjọ́ wà ní kọ́ọ̀tù, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú wọ́ọ̀dù, mo bẹ bàbá, mo ní tí ọwọ́ mi bá san, gbogbo ayé ni màá kọ orin Kọ́lá fún. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ìbéèrè làwọn fi orin yẹn bi Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ti dá àwọn lóhùn, kí n má kọ ọ́ mọ́. Wọ́n wá kọjú sí ògiri, wọ́n sunkún títí nọ́ọ̀sì fi dé.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé orin àgbà lè ní òkú nínú, ẹni tó bá fẹ́ gbà á kọ gbọ́dọ̀ béèrè òkú ọ̀hún kó tó lanu. Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ kan rí láìmọ̀ pé òótọ́ ni, tó da ilé onílé rú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ̀, mi ò ní lè fèsì fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n màá kà á. Bí àgbàlagbà kan bá sì wà nílé yín tó ní orin tó máa ń dá kọ, ẹ lọ jókòó tì í lónìí, kẹ́ ẹ bi í pé ta ló kú.