Ọ̀rẹ́ Tí Ìyá Mi Ní Lẹ́yìn Pákó

Lọ́jọ́ kejì tí ìyá mi dé sí McDonough ní Amẹ́ríkà láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó jáde láti lọ kí àwọn aládùúgbò. Ẹ́stéètì wa ò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ló bá ń tọ etí títì lọ. Òyìnbó kan dá mọ́tò dúró, ó rò pé màmá ti sọnù, ó sì gbé e wá fún wa bí ẹrù tí wọ́n já sílé onílé. Ìyá mi ṣàdúrà fún un. Èmi ni ojú tì.

"Ilé yín dára o," ó ní. "Ta lẹ wá kọ́ ọ tì?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òórùn irú fò kọjá ọgbà onípákó tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ìyá mi sáré jáde.

"Ẹ kú ọbẹ̀ o!"

"Ẹ wá bá wa jẹ ẹ́ o!" Ìyá àgbà kan ló dáhùn, òun náà wá tọ́ ọmọ-ọmọ ni.

Bí wọ́n ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Wọn ò rí ara wọn, torí pákó náà ga, ó sì há pọ̀. Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí, ẹ óò gba géètì wa jáde, ẹ óò bọ́ sí títì ńlá, ẹ óò yí po títí ẹ óò fi dé géètì tiwọn. Ọbẹ̀ tó gbóná níbẹ̀ á ti di ọbẹ̀ àná.

Ìyá mi ní ká yọ pákó kan ṣoṣo. Ọkọ mi fò sókè.

"Ah, Mummy! HOA tó ń ṣòfin ẹ́stéètì máa fine wa o! Ẹ jẹ́ ká ṣe video call."

"Ẹni tí mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, kí n máa fi fóònù kí i?"

Mọ́tò mẹ́ta la ní. Ọ̀kan ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, ọ̀kan ń gbé ọkọ mi, ìkẹta ń retí mẹkáníìkì. Mo ṣèlérí Sátidé fún ìyá mi títí. Gbogbo Sátidé ló ń bá shift wá.

Lọ́jọ́ tó ń padà sílé, mo kọ́kọ́ gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó lè rójú rẹ̀ kó tó lọ. A kanlẹ̀kùn títí. Ọkọ mi pè láti ilé: "Wọ́n wà níbí o! Ọmọ wọn gbé wọn wá dágbére fún Mummy."

Bàálù ò ní dúró dè wá. Ìyá mi yí lọ sẹ́yìn ilé náà. Láìpẹ́, mo gbọ́ ohùn láti inú ọgbà tiwa:

"Ẹ kú ìrìnàjò o!"

"Ẹ kú ilé o, ọ̀rẹ́ mi!"

Mọ́tò tiwa àti tiwọn kàn gbé ìyá méjèèjì pààrọ̀ ilé ni. Ó dùn mí wọra.

Bá a ṣe ń sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú, ìyá mi ní:

"Tí wọ́n bá bi mí nílé pé báwo lọ̀rẹ́ mi ṣe rí, màá ní ohùn rẹ̀ dùn."