Orin Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Ṣì Kọ

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ilé ń hù ní Ìsọlọ̀ bí olú lẹ́yìn òjò. Owó epo ti dé ìgboro, àwọn tó rí nínú rẹ̀ sì ń kọ́lé. Àwa kò rí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ń rí iṣẹ́. Bó bá ti dàárọ̀, afẹ́fẹ́ á gbé òórùn yẹn láti ọ̀nà Ire-Akari wọ yàrá wa, màá sì gbọ́ ikọ́ bàbá mi níta níbi tó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Lébírà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n òun ló ń dá orin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da dẹ́kìn, ìyẹn àjà sìmẹ́ǹtì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ogún ọkùnrin á tò láti ilẹ̀ dé orí àkàsọ̀, wọn á máa ju páànù sìmẹ́ǹtì síra wọn lọ́wọ́. Orin ló ń sọ fún ọwọ́ ìgbà tó yẹ kó gbà àti ìgbà tó yẹ kó fi sílẹ̀. Bàbá mi á dá a, àwọn yòókù á gbè é:

"Kí ló wà nínú páànù yìí?"

"Sìmẹ́ǹtì ni, kì í ṣe iyọ̀!"

Bí ẹnìkan bá ṣì í gbè, bàbá mi á na ọwọ́ sókè, iṣẹ́ á dúró, á sì tún un kọ fún ẹni náà lójú gbogbo èèyàn. Ó máa ń sọ pé, "Orin tó bá yẹ̀, páànù á já." Páànù tó bá já láti òkè lè pa èèyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, n kò gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ìyá mi kí i. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Àrùn ẹ̀gbà ni.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò ṣí. Dókítà ní kó máa sinmi. Bí ìyá mi ṣe lóye rẹ̀ ni pé kí ilé dákẹ́. Ìyá Ràfíù ará Ọ̀yọ́, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, fi tirẹ̀ kún un: "Ariwo kì í jẹ́ kí ọpọlọ jinná. Kí ẹnikẹ́ni má kọrin nílé yìí o." Wọ́n pa rédíò. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wa ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá mi, tí kì í yé sọ pé "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," wá ń fi ìka sí ètè bí mo bá sín.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Ìfọ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ títí, ó mi orí.

"Ìyá Délé, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí àbúrò mi kò tíì sọ̀rọ̀, màá wá gbé e lọ sílé. Délé á bá a lọ, kó máa tọ́jú rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ yìí sílẹ̀ nílé ìwé."

"Ilé ìwé ò níí sá lọ."

Mo ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ka ìwé kejì.

Ìyá mi ń ta abọ́ tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì, nítorí náà èmi ni mo ń jókòó ti bàbá mi lójúmọ́. Mo máa ń ronú nípa ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bó bá sùn, màá yọ́ wo inú ẹnu rẹ̀. Ahọ́n wà níbẹ̀, eyín pé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń da dẹ́kìn ní òpópónà kejì. Orin wọn gba ojú fèrèsé wọlé. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì bàbá mi ń lu ilẹ̀. Orin dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ náà dúró.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn, mo dá orin náà jẹ́jẹ́. Ó kàn ń wò mí. Mo rò ó: bàbá mi kì í gbe orin, ńṣe ló ń dá a. Mo bá bọ́ sí ipò àwọn tó ń gbè. Ìkánjú àti ẹ̀rù mú kí n ṣì í: "Iyọ̀ ni, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì!"

Ojú bàbá mi le. Ó na ọwọ́ òsì sókè. Ẹnu rẹ̀ ń yí, ó ń yí, ó sì kọ ọ́ jáde, geere:

"Sìmẹ́ǹtì ni, kì í ṣe iyọ̀."

Mo sá jáde. Lẹ́yìn náà mo tún padà wọlé lọ ṣì í kọ.

Nígbà tí ìyá mi dé, tòun ti ẹrù abọ́ lórí, mo sọ fún un. Ó gbá mi létí. "Ta ló ní kó o kọrin?" Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Ẹ̀rù bà mí, mo sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n kọ ọ́. Bàbá mi dákẹ́.

"O rí i? Irọ́!"

Mo wá ṣì í kọ: "Iyọ̀ ni, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì!"

Bàbá mi na ọwọ́ sókè, ó tún un kọ. Ẹrù já lórí ìyá mi, abọ́ sì fọ́n káàkiri. Ìyá Ràfíù sáré wọlé.

"Ṣebí a ní kí ilé dákẹ́!"

"Ìyá Ràfíù," ìyá mi ní, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, "ẹ wá bá wa ṣì í kọ."

Ìyá Ràfíù rò pé orí ìyá mi ti yí, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́: "Gààrí ni, kì í ṣe ẹ̀wà!"

"Rárá!" ni bàbá mi wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí kò fi orin sọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ohùn orin yẹn béèrè omi, tó sì ń fi í pe orúkọ mi. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó kọrin sí i lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ o, Délé ń lọ sílé ìwé!" Bàbá Ìfọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Òun nìkan ló wọkọ̀ ojú irin padà. Èmi ni mo ga jù ní kíláàsì ìkíní.

Bàbá mi kò tún dá orin nídìí iṣẹ́ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, èyí tó bá há, á kọ ọ́ lórin. Nígbà tó darúgbó, ó bi mí pé, "Ṣé o rò pé n kò mọ̀ pé ò ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni?"

"Bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ń tún un kọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ òsì sókè.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Ọdún kejì rèé tí ìyàwó mi ti ṣaláìsí. Èmi fúnra mi ni mo pa rédíò, ilé sì dákẹ́. Àwọn àlejò ń yìn mí pé mo ní ìfaradà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ìbá ti bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń yìn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin mi wá kí mi. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó sì ń kọ orin tí ìyá rẹ̀ fi máa ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ṣì í kọ. Orin tó ti mọ̀ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni. N kò bi í. Ọwọ́ mi lọ sókè, mo sì tún un kọ fún un.