Ìyá Ṣì Ń Fi Dàǹkúwà Ránṣẹ́

Ọ́fíìsì àṣírí ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ojú ibùdókọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ní yunifásítì tí mo lọ, láyé ìgbà tí sọ́jà ṣì ń ṣèjọba tí owó epo sì ń dá wọn lára yá, wọ́n gba ọkùnrin kan tó kàwé nílùú òyìnbó pé kó máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn wọn ò balẹ̀ nímọ̀ràn. Wọ́n fún un ní yàrá kan, àga díẹ̀, àti pátákó gàdàgbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pé ohunkóhun tí ènìyàn bá sọ níbẹ̀ kò ní jáde. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í jáde. Ènìyàn ló ń wọlé, gbogbo ẹni tó ń dúró de mọ́tò ló sì ń rí i. Kí o tó jókòó, ìròyìn rẹ á ti dé ilé oúnjẹ: bí o bá jẹ́ ọkùnrin, orí rẹ ti dàrú, bí o bá jẹ́ obìnrin, o ti lóyún.

Bí mo ṣe jẹ́ obìnrin tó, èmi náà wọ ibẹ̀, kì í kúkú ṣe pé ó wù mí. Ohun tó ṣe mí ni pé mi ò lè kàwé mọ́. Ojú mi ríran dáadáa o, ṣùgbọ́n bí mo bá ka ojú ewé kan tán, bí ìgbà tí mo da omi sínú asẹ́ ni. Mi ò rí oorun sùn, oúnjẹ ò sì lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ní kíléníìkì wa, ibà ni gbogbo àìsàn, wọ́n bá fún mi ní oògùn ibà títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nígbà tí ara ń yún mi tí mi ò sì tún sùn, olùkọ́ wa kan pè mí, ó ní bí mi ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí ara mi, ìdánwò tó ń bọ̀ ni wọn ó fi lé mi lọ sílé. Òun ló ní kí n lọ rí onímọ̀ràn.

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n onímọ̀ràn tí kì í gbani nímọ̀ràn ni. Ní ilé wa ní Ṣakí, bí nǹkan bá ń dùn ọ́, o ó kúnlẹ̀ níwájú àgbà, àgbà á sì sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ tìrẹ á fi tán nínú rẹ. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Á béèrè pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Á wá dákẹ́. Èmi náà á dákẹ́, nítorí mo rò pé ó ń ro ìmọ̀ràn tó fẹ́ gbà mí ni. A ó wá jókòó bẹ́ẹ̀, à ń retí ara wa. Ó ní kí n máa wo ojú òun bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ta ló bí mi tí n ó máa wo àgbàlagbà lójú? Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ òun. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Páálí ìwé funfun kan tó rọ̀ bí òwú wà lórí tábìlì rẹ̀, ó sì máa ń sún un sọ́dọ̀ mi lemọ́lemọ́. Mo sọ fún un pé ọ̀fìnkìn ò ṣe mí.

Bó bá béèrè bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé, mo máa ń sọ pé rárá, àlàáfíà ni wọ́n wà. Irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi kí n máa sọ ọ́ nìyẹn.

Ìyá tó bí bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà. Yàrá rẹ̀ ni mo ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, ó máa ń fi dàǹkúwà rán dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná ọ̀nà Ṣakí sí mi: àgbàdo yíyan àti ẹ̀pà tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ata àti ṣúgà, tí wọ́n sì ṣù róbótó. Ata tirẹ̀ le débi pé àwọn ọmọ yàrá mi kì í lè jí i jẹ. Ní ọdún kejì mi, bí ìdánwò ṣe ń sún mọ́lé, ata inú dàǹkúwà dédé rọlẹ̀. Mo ní ọjọ́ ogbó ti ń dé sí Ìyá. Mo tilẹ̀ ní kí dẹ́rẹ́bà bá mi sọ fún Ìyá pé kó fi ata kún un. Èyí tó dé lẹ́yìn náà ta bí iná. Mo jẹ ẹ́, mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo sì lọ sílé fún ọlidé.

Àpò àgbàdo ni mo bá nínú yàrá Ìyá. Wọ́n ti sin ín tipẹ́. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ti ogójì ọjọ́ náà ti kọjá. Ìyáálé ilé wa, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń ṣe dàǹkúwà tí mo ń jẹ, gbogbo agboolé ló sì fẹnu kò pé kí wọ́n má sọ fún mi, kí ọkàn mi má baà dàrú lásìkò ìdánwò. Wọn ò fi ṣèkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó wà lájò nílé wa nìyẹn. Nígbà tí mo lanu láti sunkún, ìyáálé gbá mi mọ́ra, ó ní, "Dákẹ́, dákẹ́. Òkú àgbà ni. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbogbo wa ni wàá tún mú bẹ̀rẹ̀ lọ́tun." Mo bá dákẹ́. Wọ́n ti sunkún tiwọn tán kí n tó dé, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ́ díẹ̀ kù dè mí. Ìgbà tí mo padà sí yunifásítì ni ìwé ò wọlé mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ata yẹn. Ìyá ti wà nínú ilẹ̀, mo ń ránṣẹ́ sí i pé ọwọ́ rẹ̀ ò ta mọ́.

Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ mi sú onímọ̀ràn, ó ní bàbá mi ló kù tí òun fẹ́ rí. Ó rán dẹ́rẹ́bà náà: kí bàbá ọmọ yìí jọ̀ọ́ wá, òun nìkan, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ó rò pé òun ti fi ọgbọ́n sọ ọ́. Kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí ilé-ìwé bá pe bàbá ọmọbìnrin, nǹkan kan ṣoṣo ló lè jẹ́, ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló sì ń dá irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bẹ̀. Bí wọ́n bá tún wá fi kún un pé kò le, á jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

A wà níbi tí a ti ń dákẹ́ bí ìṣe wa nígbà tí mọ́tò píjó kan dúró níwájú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀, pẹ̀lú agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí Yídì. Ìyáálé tẹ̀ lé e, ó fi ẹtù méjì tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ há abíyá. Dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í já iṣu. Ìgbà ebè kíkọ ni, kò sì sí àgbà Ṣakí tó ń wọ agbádá láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà ebè láìnídìí. Mo wo ẹ̀yìn wọn. Bàbá mi ò sí níbẹ̀.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílé wa. Àwọn àgbà á múra dáadáa, wọn á yọ sí ọ lójijì. Wọn á kí ọ, wọn á bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ìgbà tí o bá jẹun tán ni wọn ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ara ẹni báyìí ò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé. Ó kí onímọ̀ràn kú ilé, ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú òjò. Ó wá yíjú sí mi.

"Ṣé o ti jẹun?"

Mo figbe ta. Gbogbo ẹkún tí mo gbé mì ní Ṣakí ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wó sílẹ̀, mo ń pe bàbá mi, mo ń pe Ìyá, mi ò mọ èyí tí mo ń sunkún rẹ̀ mọ́.

Ìyáálé pàtẹ́wọ́. "Ó ti jẹ́wọ́." Ó kúnlẹ̀ fún onímọ̀ràn tòun ti ẹtù. "Ọ̀gá, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má lé e. A ó tọ́jú ọmọ náà."

"Ọmọ wo, mà?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò dá sí i. Ó ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó ń wo onímọ̀ràn tó dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máà bínú. Ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ̀yin àti ọmọ wa ti ń tilẹ̀kùn mọ́rí níbí?"

"Ó ti tó ìgbà díẹ̀, sà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni."

"Ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ẹ jọ ń ṣe?"

"Rárá o, sà!" Inú onímọ̀ràn dùn sí ìbéèrè yẹn. "Àṣírí pátápátá ni."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá àga kan, ó rọra jókòó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí bàbá mi fi yọ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú bútà lọ́wọ́, omi àlùwàlá ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìrun Àyílà ló ká a mọ́nà, ó ti gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mo fò mọ́ ọn débi pé omi bútà dà sí wa lára.

"Mo rò pé ẹ ti kú!"

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Sọ fún bàbá rẹ," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, ojú rẹ̀ ò kúrò lára onímọ̀ràn. "Ta ló sọ ọ́ di báyìí?"

"Ẹ̀yin ni!" Mi ò gbé ohùn sókè sí àgbà rí láyé mi. "Gbogbo yín ni. Ẹ sin Ìyá, ẹ ò sọ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n máa rán dẹ́rẹ́bà sí òkú pé kó fi ata kún dàǹkúwà."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Nínú gbogbo wa, onímọ̀ràn nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ náà ò bà lẹ́rù, iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wú ikọ́, ó ní, "Nítorí ìdánwò ni." Ìyáálé ní, "Èmi ni mo fi ata kún un," òun náà sì bú sẹ́kún.

Bàbá mi gbé bútà sílẹ̀.

"Ìyá mi kú," ó ní, bí ẹni pé àṣẹ̀ṣẹ̀gbọ́ ni. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Wọ́n ní òkú àgbà ni, kí n máa yọ̀. Inú mi ò dùn. Ìyá mi ni."

Mi ò rí omi lójú bàbá mi rí. Onímọ̀ràn sáré nawọ́ sí páálí ìwé funfun rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó rò pé èyí tí wọ́n fi ń di obì fún àlejò ni, ti kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sápò. Ó yọ ọ́ padà pẹ̀lú ìtìjú, a sì fi nujú.

Kí wọ́n tó lọ, bàbá mi sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. "Bí mo bá kú, ọjọ́ náà gan-an ni wọn ó sọ fún ọ. Wọn ò sì ní rọra sọ ọ́."

"Ṣé ìwọ lo máa wá jẹ́ iṣẹ́ náà ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Onímọ̀ràn gba iṣu, ó gba ẹtù. Ìròyìn tó dé ilé oúnjẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ni pé àwọn ará ilé mi ti gbà kí ó fẹ́ mi. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ìwé ti ń wọlé padà díẹ̀díẹ̀, oorun náà sì ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Wọn ò lé mi.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, lásìkò tí a ń tò kí a tó rí ìrẹsì rà, mo ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama kan ní Ìsẹ́yìn. Mo ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi já wọ kíláàsì. Kò wọ agbádá. Aṣọ oko ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Kò kí mi. Kò béèrè bóyá mo ti jẹun.

"Bàbá rẹ kú láàárọ̀ yìí," ó ní.

Èmi tí mo ti ń fi gbogbo ẹnu bú àṣà wa láti ọjọ́ yìí wá, ó wù mí kó padà síta, kó lọ wọ agbádá wá, kó jókòó, kó ní kí n bu omi fún òun, kó wá sọ pé ara bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ǹ bá gbà á gbọ́ tayọ̀tayọ̀.

"Bàbá, ẹ ò lè rọra sọ ọ́ ni?"

"Òun ló ní kí n má rọra." Ó fà mí lọ́wọ́. "Ó yá, ká lọ. Wọn ò tíì gbé e jáde. Ìwọ là ń dúró dè."