Bí Uncle Ṣùpọ̀ Ṣe Kọ́ Felicia ní Mọ́tò Nínú Pálọ̀

Ọkùnrin kúkúrú. Ikùn díẹ̀. Ohùn tó ju ara lọ. Uncle Ṣùpọ̀ nìyẹn, tó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà ní Plumstead àti Thamesmead láti bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Mọ́tò kan ṣoṣo ló ní. Pupa. Kékeré. Bíréèkì méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ Uncle Ṣùpọ̀. Ti Uncle Ṣùpọ̀ ló máa ń tètè gbó.

Àfi bí kòrónà ṣe dé. Ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, kí ẹnikẹ́ni má sì bá ẹni tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀ wọ mọ́tò. Ó parí. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fèjìká kan èjìká, kí wọ́n jọ máa làágùn. Níbo ni ènìyàn ó ti ṣe é?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sí pálọ̀ tó ń kọ́ Moráyọ̀, ìyàwó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ti hoover, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀.

"Wo ẹ̀yìn ná, Mummy Jayden. Wo ẹ̀yìn kó o tó yí i."

"Daddy Jayden, bí ẹ bá tún bá hoover mi sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbá ilé yìí láti òní lọ."

Ibẹ̀ ló ti ronú kan Zoom. Ìjọ ti ń lò ó. Ilé-ìwé àwọn ọmọ ti ń lò ó. Kí ló wá dé tí mọ́tò ò ní lè lò ó?

Ó kọ̀wé sórí WhatsApp sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjìlá. Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí kálukú gbé àga síwájú fóònù rẹ̀. Ọmọrí ìkòkò kan: sítíárìn nìyẹn. Sálúbàtà mẹ́ta nílẹ̀: kílọ́ọ̀ṣì lápá òsì, bíréèkì láàárín, èyí tí a fi ń sáré lápá ọ̀tún. Orógùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan òsì: jíà. Dígí ìwojú, fún wíwo ẹ̀yìn.

Wọ́n wá. Gbogbo wọn. Latifah, tó ń tún ọ́fíìsì ṣe láàárọ̀, gbé ọmọrí kan jáde tó tóbi débi pé a ò rí ojú rẹ̀ mọ́.

"Latifah, ṣé lọ́rì lo fẹ́ wà ni?"

"Uncle, ìkòkò ìkómọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun nìkan ló mọ́."

Uncle Ṣùpọ̀ dijú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà fún wọn láti orí. Kò fi pátákó ojú títì mọ ọ̀nà. Ènìyàn ló fi mọ̀ ọ́n.

"A ti wọ Plumstead High Street. Ẹ rọra. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Ó ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù Naheem alẹ́ran nìyẹn lápá òsì. Ta ló dúró níwájú ẹ̀?"

"Mummy Keziah!"

Ìyá ìjọ wọn ni Mummy Keziah, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Kò sí ìgbà tí ènìyàn kọjá níbẹ̀ tí kò bá a, tó ń ná ẹran tí Naheem ti lẹ iye rẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ẹ dúró kí wọn kẹ̀! Àbí bí wọ́n ṣe tọ́ yín nílé nìyẹn, kí ẹ gba iwájú àgbà kọjá fìrì?"

Ni wọ́n bá wo dígí. Wọ́n tan iná. Wọ́n yà sápá òsì. Wọ́n fa bíréèkì ọwọ́. Wọ́n tẹríba sórí ọmọrí ìkòkò. "Ẹ kú ọjà o, Mummy!"

Ọgbọ́n ni. Dídúró létí títì ló máa ń da ọ̀pọ̀ nínú wọn láàmú, ó sì fẹ́ kó mọ́ wọn lára. Ohun kan péré ló gbàgbé. Kò sọ fún wọn pé ọgbọ́n ni.

Felicia ló mú ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀kúnkúndùn jù. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, ará Aládùúrà, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ní Thamesmead. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ láti ilé kan sí èkejì. Bí ó bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ fún ní oúnjẹ àárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán ló kù. Ọ̀gá rẹ̀ wá sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tí kò bá ní láísẹ́ǹsì mọ́tò kí oṣù kẹsàn-án tó parí, kó wá iṣẹ́ míì. Felicia sì ti jábọ́ nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì kí kòrónà tó dé. Ọwọ́ ló máa ń gbọ̀n.

Àwọn tó kù ń wò ó. Latifah sọ ọ́ lójú gbogbo Zoom. "Uncle, ẹ má bínú o. Bí Sister Felicia bá jábọ́, mo ń dá ọmọrí mi padà sórí ìkòkò."

Kò sí ẹni tó bá a wí. Ìyẹn ló ba Uncle Ṣùpọ̀ lẹ́rù.

Oṣù kẹjọ. Ìjọba ti ní ẹ lè máa wọ mọ́tò. Ìbòmú, fèrèsé ṣíṣí. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni Felicia wa mọ́tò pupa náà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Wọ́n gba Plumstead High Street kọjá lẹ́ẹ̀márààrún. Wẹ́rẹ́. Mummy Keziah ò sí lójú pópó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti tì í mọ́lé nítorí àìsàn náà.

Ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹsàn-án, wọn ò gbà kí olùkọ́ bá akẹ́kọ̀ọ́ wọlé sínú mọ́tò. Uncle Ṣùpọ̀ jókòó sórí ògiri kúkúrú kan níta. Ó dìde. Ó jókòó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ bíréèkì nínú afẹ́fẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹnu Felicia fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ.

Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Ó yí Plumstead Common ká bí ẹni ń rìn nínú yàrá ara rẹ̀. Olùdánwò, òyìnbó gíga kan tí ìbòmú bo ojú rẹ̀ dé ìpéǹpéjú, ń kọ̀wé jẹ́jẹ́. Wọ́n bọ́ sí High Street. Olùdánwò ní kó wá ibi tó dára lápá òsì, kó dúró.

Ibi tó dára kan kọjá. Felicia ò dúró. Èkejì kọjá. Kò dúró. Ó ti rí nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán. Gèlè funfun. Àpò ọjà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Naheem.

Mummy Keziah, lójúkojú, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Dígí. Iná. Bíréèkì. Mọ́tò náà sún mọ́ etí títì bí ọmọ tó ń sún mọ́ ìyá rẹ̀. Bíréèkì ọwọ́. Ó wá tẹríba. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, iwájú orí rẹ̀ sì kan sítíárìn.

Pííííìn!

Mummy Keziah fò sókè. "Ta ló ń fun fèrè mọ́ àgbàlagbà? Felicia! Ìwọ nìyẹn?"

"Ẹ kú ọjà o, Mummy. Ẹ má bínú. Ìdánwò ni mò ń ṣe."

"Ìdánwò? Ẹni tó fẹ́ dán ọ wò ló jókòó tì ọ́ yẹn?"

Ó sún sẹ́yìn ní mítà méjì gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti wí. Ó gbé àpò kalẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mọ́tò.

"Ìwọ ọkùnrin tó mú bíírò lọ́wọ́! Bíírò rẹ ò ní kọ ibi nípa ọmọ mi!"

"Àmín!"

"Gbogbo iná pupa tó wà lọ́nà rẹ, Felicia, wọn á máa di gíríìnì!"

"Àmín!"

"Ẹni tó bá ní o ò ní wa mọ́tò, ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn!"

"Àmín!" Ohùn mẹ́ta ló jẹ́ eléyìí. Naheem ti jáde tọ̀bẹ tọ̀bẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá kankan, ọkùnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Olùdánwò gbé bíírò rẹ̀ kúrò lórí ìwé. "Ṣé ara ìyá yẹn yá?"

"Ó ní ká máa rọra wakọ̀ ni, sà."

Ọkùnrin náà wo Mummy Keziah. Ó wo ọ̀bẹ Naheem. Ó ní, "Bá mi sọ fún un pé mo dúpẹ́."

Ní ibùdó ìdánwò, Uncle Ṣùpọ̀ rí wọn tí wọ́n wọlé. Ó rí ẹnu olùdánwò tó ń mì lábẹ́ ìbòmú. Ó rí Felicia tó ń sunkún. Ó di ògiri mú.

Ẹkún ayọ̀ ni. Ó yege. Àṣìṣe kéékèèké mẹ́tàlá. Mẹ́rìndínlógún ló ń pa ènìyàn. Fèrè jẹ́ ọ̀kan. Ibi méjì tó fi sílẹ̀ láìdúró, ọ̀kan. Ṣùgbọ́n olùdánwò ní irú ìdúró létí títì yẹn, òun ò tíì rí i lọ́dún náà.

"Felicia, o dúró kí wọn? Lóòótọ́? Nínú ìdánwò?"

"Uncle, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi? Ṣé kí n gba iwájú wọn kọjá fìrì ni?"

Uncle Ṣùpọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀.

Felicia rí iṣẹ́ rẹ̀ di mú. Àwọn arúgbó rẹ̀ ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ láàárọ̀. Ìròyìn tàn lórí WhatsApp. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ẹnì kan láti Manchester, ẹnì kan láti Ìjẹ̀bú-Òde tí kò tilẹ̀ sọ ibi tó ti fẹ́ ṣe ìdánwò. Kòrónà kásẹ̀ nílẹ̀. Zoom Ọjọ́bọ̀ ò kásẹ̀.

Wàhálà tuntun sì dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò fẹ́ jáde wa mọ́tò gidi. Zoom ti tó Felicia, ó yẹ kó tó àwọn náà. Nínú wọn ni Akíndélé, nọ́ọ̀sì kan ní Thamesmead, tó ti wakọ̀ ọdún mẹ́ta nínú pálọ̀ láìfara kan ohunkóhun. Uncle Ṣùpọ̀ gbé mọ́tò pupa lọ bá a nílé. Ó fun fèrè títí. Akíndélé yọ orí jáde lójú fèrèsé òkè.

"Uncle, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo wà nínú roundabout."

"Akíndélé, mọ́tò gidi rèé nílẹ̀! Fi nǹkan yẹn sílẹ̀, kó o máa bọ̀!"

"Kò ṣeé ṣe, Uncle. Bí mo bá dúró níbí, ẹni tó wà lẹ́yìn mi á gbá mi."

"Ta ló wà lẹ́yìn ẹ?"

"Ìyàwó mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lòun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀."