Ọmọ Odó Ìyá Mi

Ní àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì, ìró odó la fi ń mọ̀ pé àwọn ará ilé ti dé láti Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ti ìyá mi máa ń dún ju ti gbogbo ilé lọ. Wọ́n lè gúnyán fún agbo èèyàn láìsí kókó kan ṣoṣo nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi yangàn.

Ìgbà yẹn, ọmọ iṣẹ́ ni mí lọ́dọ̀ aránṣọ kan nítòsí Ọjà Ọba, ó sì kù díẹ̀ kí n gba òmìnira. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ òsì mi mọ bí a ti ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n fóònù ti gbà mí lọ́kàn. Mo ń jẹun, ó wà lọ́wọ́ mi. Mo ń wẹ̀, ó wà lórí fèrèsé. Tí mo bá gbé àwòrán mi sórí ẹ̀rọ ayélujára, n kì í gbádùn títí àwọn tí n kò mọ̀ rí á fi tẹ̀ ẹ́ pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀. Mo rò pé mo ti gbajúmọ̀, èmi tí ìyá mi ṣì ń fọṣọ fún. Bàbá mi a máa sọ pé, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, fóònù ni ìwọ ń fi tìrẹ ṣọ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àwọn ẹbí ìyá mi ń bọ̀ láti Ìjan-Èkìtì. Ìyá mi ń gúnyán, mo jókòó ti odó, mo ń yí i fún wọn. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ odó sókè, mo máa ti ọwọ́ bọ odó, mo máa yí iyán, mo máa yọ ọwọ́. Láti kékeré la ti jọ ń ṣe é. Wọn kì í wo ọwọ́ mi mọ́, wọ́n fọkàn tán mi. Mo gbé fóònù lé itan. Ọwọ́ òsì ni mo fún iyán, kí ọ̀tún lè gbẹ fún fóònù.

"Wo iwájú rẹ o," ni ìyá mi wí. "Uyán ò mọ fóònù."

"Mò ń wò ó, Mọ́mì."

Iná fóònù tàn. Mo wò ó. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú odó nígbà tí ọmọ odó balẹ̀.

Ọ̀kadà la gùn lọ sí ilé ìwòsàn, èmi láàárín, ìyá mi lẹ́yìn, wọ́n fi ìborùn wọn wé ọwọ́ mi. Wọn kò sunkún. Wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń pè mí lóríkì kí n má baà dákú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní ká jókòó de dókítà, mo ṣí fóònù tí kò kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún mi láti ilé, mo fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ràn àwòrán mi. Ìgbà yẹn ni ìyá mi bú sẹ́kún. Mo gbọ́ ẹkún náà, mo sì ka orúkọ wọn tán kí n tó pa fóònù. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn.

Ìka méjì kò ká mọ́. Òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà lónìí fún àwọn aránṣọ, àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ sì wà lára oníbàárà mi. Mo ti gba kámú. Ìyá mi ni kò gbà. Wọn kò gúnyán mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ ló ń gún un nílé wa, òun náà ni bàbá mi ń jẹ. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn, pé fóònù ni, pé èmi ni. Wọ́n á gbọ́ mi jálẹ̀, wọ́n á wá wo ọwọ́ ara wọn.

"Ọmọ mi," wọ́n á ní, "ta ló di ọmọ odó mú?"