Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta tí Dókítà Wá Sinmi Nílé Wa

Àṣàkẹ́, ọmọ etí òkun Eleko, ọmọ ajífomi-iyọ̀-bọ́jú, ọmọ ọlọ́kọ̀ tí ìgbì ń yà fún, Àṣàkẹ́ arẹ́rìn-ín-kó-tó-bínú, ìyá dókítà, aya wẹ́dà. Òun ló lọ. Orúkọ tí àáfà sọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n, n ò ní kọ ọ́. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wọ géètì wa lákòókò yẹn pẹ̀lú, tìyá tọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ wa ní àṣírí aláìsàn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ síwèé. Mo gbọ́.

Ọmọ wa obìnrin ni dókítà náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú àgọ́, lókè Àríwá lọ́hùn-ún àti láwọn ìlú tí n ò mọ ọ̀nà wọn. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ní òfin: tó bá ti ṣe oṣù mẹ́fà, ó gbọ́dọ̀ lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Nígbà tó dé sílé wa ní Addo, mo bu omi fún un, ife náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i pé mo rí i.

"Bàbá mi, ọwọ́ yìí ni mo fi ń wá iṣan ọmọ tuntun," ló wí. "Tí kò bá yé gbọ̀n, wọn ò ní jẹ́ kí n padà síbẹ̀. Oorun nìkan ni mo fẹ́. Ẹ bá mi ti géètì."

Iṣẹ́ géètì sì niṣẹ́ mi. Mo ti jó géètì fún àwọn olówó Lekki, àwọn tí sìkíọ́rítì wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọlé àfi tó bá ní kóòdù. Mo ní ká ti tiwa pa. Àṣàkẹ́ wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè.

"Ọmọ ti ìrìn àjò dé, àwọn èèyàn fẹ́ wá kí i káàbọ̀, kí n máa bi wọ́n ní kóòdù? Ṣé báńkì ni wá ni?"

Wọ́n wá kí i lóòótọ́. Ìyá àgbà kan lára àwọn onílẹ̀ àdúgbò wa kí i káàbọ̀, ó ṣàdúà fún un, ó bi í léèrè ogun. Ká tó bu omi fún un, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé orí tábìlì.

"Dókítà, n ò tìtorí èyí wá o. Òun náà ló ní òun fẹ́ kí ẹ."

"Ṣé ẹsẹ̀ yín ló wá kí mi ni, Ìyá?"

"Ó gbọ́ pé o dé ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi sọ pé níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tilẹ̀kùn, òun sì ń sùn. Addo ni kò jẹ́ kóun sùn.

Ó dun Àṣàkẹ́. Ló bá dá ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà tí aránṣọ tó wà lódìkejì kanlẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ má bínú, ara dókítà ò yá."

Mo di orí mi mú. Ládùúgbò wa, ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n lè gbàgbé. Kí ìrun Àlàásárì tó tó, bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà wa bíi ti mọ́ṣáláṣí. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé mọ́ọ̀tì wá, wọ́n gbé ìgò àgbo mẹ́rin wá. Aránṣọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí dókítà, ó ní ibà ni. Ẹlòmíì ní rárá, taífọ́ọ̀dù ni. Wọ́n ń jiyàn lé dókítà lórí bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, apẹja ní Eleko, gbé ẹja ńlá kan wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n ní o ò lè dìde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Eleko."

"Ó dáa. Má dìde. Níbi tí o sùn sí yẹn gan-an, bá mi yẹ etí yìí wò."

Ó gbé orí lé píló lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà tí ara rẹ̀ ò yá fi iná fóònù yẹ etí apẹja wò lórí ìdùbúlẹ̀, àwọn tó kù sì ti tò sẹ́yìn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá bàjẹ́ ni ìgbà tí oníkẹ́mísì òpópónà wa dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ó ti fa oògùn sínú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀, nítorí iṣẹ́ kan náà làwọn jọ ń ṣe.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" ọmọ mi bi í.

"Dókítà, ẹ yíjú sí ògiri. Ẹ̀yin lẹ ṣàìsàn lónìí, ẹ má bi mí."

Ọmọ mi fò dìde tòun ti ìró ìyá rẹ̀ láyà, ó gba ilé ìdáná jáde, ó bọ́ sí títì Addo. Oníkẹ́mísì ń sáré tẹ̀lé e, abẹ́rẹ́ lókè, àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ wò wà lẹ́yìn oníkẹ́mísì, wọ́n ń pariwo pé ibà ti gùn ún lórí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá dúró wòran.

"Ẹ bá wa mú un o! Dókítà ni!"

Ṣọ́ọ̀bù mi ló sá sí, ẹ̀yìn géètì tí mo gbé ti ògiri. Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ dé bá a. Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n ju tọjọ́ tó dé lọ. Àṣàkẹ́ di ọwọ́ méjèèjì mú.

"Láti òní lọ, ẹni tó bá dárúkọ àìsàn nílé yìí, màá lé e jáde. Ìbáà ṣe èmi fúnra mi."

Ó gbé àpótí sẹ́nu géètì ilé wa, ó jókòó. Ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ búra pé ara òun le. Wọ́n ń búra, ọwọ́ wọn ní ìbàdí.

"Ara mi le, ìyá dókítà."

"Kí ló wá dé tó o tẹ̀ báyìí?"

"Bí mo ṣe máa ń dúró nìyẹn."

Ó lé e padà. Ọmọ wa sì sùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ife tíì dání, tíì ò mì.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo rí i pé Àṣàkẹ́ ń tẹ àyà rẹ̀. Kò lè rìn láti géètì dé yàrá láìdúró. Mo ní kí n pe ọmọ.

"Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kó lọ," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tèmi ba ìsinmi rẹ̀ jẹ́. Tó bá ti wọ bàlúù, a ó lọ sí ọsibítù."

N ò pè é. Yàrá kejì ni dókítà wà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, Àṣàkẹ́ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ọmọ wa sáré dé, ó tẹ àyà rẹ̀ títí, títí. Kò dìde.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Bàbá mi?"

Mo sọ fún un.

"Àwọn ará àdúgbò ni mo ní kẹ́ ẹ ti géètì mọ́. Ta ló ní ẹ̀yin méjèèjì wà lára wọn?"



A sin Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ náà, ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ní itẹ́ àwọn Mùsùlùmí.