Bí Mo Ṣe Pa Ìyá Àgbà Lórí Rédíò Nítorí Orin Kérésì

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ bí mo bá jókòó níwájú ọkọ̀ bàbá mi, mo kéde ikú ìyá àgbà wa lórí rédíò. Ìyá àgbà kò kú. Àgbàlá ilé wa ní Ashaiman, nítòsí Accra, ló wà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Bàbá mi, ọmọ tó bí, gbọ́ ìkéde náà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà ọjà Kaneshie.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ oníròyìn ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti da ìbéèrè bò nítorí irọ́ tí wọ́n pa. Irọ́ tèmi yìí ni mi ò kọ sílẹ̀ rí. Ojú ló ń tì mí.

Ọdún díẹ̀ ni lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà sí Gánà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn aládàáni láyè láti dá iléeṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Accra. Ṣáájú ìgbà náà, bí ẹ bá tan rédíò, ohùn ìjọba lẹ máa gbọ́. Lójijì, rédíò di ọjà: ẹ yí bọ́tìnnì díẹ̀, ẹnì kan ń ṣàwàdà, ẹ tún un yí, orin ń lọ. Bàbá mi, Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn ará Gánà ń pè ní Alata bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀, ń ta ọjà alágolo ní Kaneshie. Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, èmi ni mo ń bá a jókòó níwájú ọkọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa yí rédíò. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó jẹ́ ẹ̀yà Gà, àwọn onílẹ̀ Accra, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa, la máa ń gbé lọ, á jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí itan.

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, wàhálà dé. Gbogbo iléeṣẹ́ rédíò ló ń fi orin Kérésì sí i láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Orin agogo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, orin yìnyín, orin àwọn tó jókòó ti iná nítorí òtútù, òógùn sì ń ṣàn lọ́rùn wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ má rò pé ẹ̀sìn ló fà á tí bàbá mi ò fi fẹ́ ẹ. Àsìkò Kérésì ló ń tajà jù lọ́dún. Orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé Kaneshie, ìyẹn ló sú u.

"Yí i," á ní. Màá yí i. Agogo. "Tún un yí." Agogo.

"Alájì, ẹ fi ọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀!" ìyá ẹlẹ́ja, tó ti ń bá wọn kọrin lọ ní tirẹ̀, á ké láti ẹ̀yìn ní èdè Twi. "Jésù kì í gé èèyàn jẹ!"

"Ànábì Ísà ò bá mi jà," bàbá mi á dá a lóhùn. "Agogo yìí ló ń bá mi jà."

Háíláìfù àtijọ́ ni bàbá mi fẹ́ràn, èyí tí gìtá rẹ̀ ń dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ń wá a kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, atọ́kùn ètò ìkíni òwúrọ̀ ṣàdédé dá orin Kérésì dúró. Ó ní ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè pé bàbá àwọn kú, pé Kérésì ọdún náà ò ní dùn nílé àwọn. Ní Gánà, kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú kíkéde òkú lórí rédíò. Ó ní kí gbogbo wa bá wọn kẹ́dùn, ó wá fi háíláìfù kan sí i. Bàbá mi gbá ọwọ́ mi mú kí n má baà yí i. Ó ń fi ìka lu sítíárìn.

"Orin rèé," ó ní. "Orin rèé!"

Mo rò ó títí ọjọ́ náà fi ṣú. Òkú nìkan ló lè lé agogo kúrò nínú rédíò.

Kò pẹ́ sí i, ẹrù kún ọkọ̀, ìyá ẹlẹ́ja gba ipò mi níwájú, wọ́n ní kí n dúró ti ìyá àgbà nílé. Mo mú owó búrẹ́dì mi, mo gba ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ìpè tẹlifóònù lẹ́bàá títì lọ. Nọ́ńbà iléeṣẹ́ náà ti wà lórí mi, nítorí atọ́kùn kì í yé pè é. Mo mọ ibi tí bàbá mi á ti dé ní wákàtí yẹn.

Mo sọ fún atọ́kùn pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá. "Due, ọmọ mi," ó ní, bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀ níbẹ̀. "Ta ló kú?" Mi ò tíì rò ó débẹ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ nílé ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní ìyá àgbà wa ni. Ó ní ilé ta? Mo fẹ́ kí bàbá mi mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń fi orin náà dá lọ́lá, mo bá sọ ọ́ délẹ̀délẹ̀: Alájì, Alata tó ń ta ọjà alágolo ní Kaneshie, tó ń gbé Ashaiman. Mo wá fi kún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gìtá sí i. Bàbá mi ò fẹ́ agogo."

Ẹ lè bi mí pé ṣé mi ò rò pé á gbà á gbọ́ ni. Mo rò pé á mọ̀ pé eré ni, nígbà tó jẹ́ pé òun àti ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ara wọn láàárọ̀ náà.

Mi ò sí nínú ọkọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tó lè bi í. Báyìí ló ṣe sọ ọ́:

"Gìtá ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó lu sítíárìn, ó ní, 'Màmá, wọ́n ti ronú pìwà dà!' Ìgbà náà ni atọ́kùn wá sọ̀rọ̀ lórí gìtá pé ìyá Alájì, Alata ọlọ́jà Kaneshie, ti kú. Bàbá rẹ ò pariwo. Ó bi mí pé, 'Màmá, ta ló pè?' Ó yí ọkọ̀ padà lórí koríko àárín títì. Wọ́n ti padà sórí orin Kérésì nígbà yẹn. Mo nawọ́ kí n pa á. Ó ní, 'Ẹ fi í sílẹ̀. Bóyá wọ́n máa sọ pé àṣìṣe ni.' Orin Kérésì la gbọ́ láti ibẹ̀ dé Ashaiman. Mo ti fẹ́ràn orin wọ̀nyẹn láti kékeré. Lọ́jọ́ náà, mo bẹ Ọlọ́run kí rédíò yẹn bàjẹ́."

Kí wọ́n tó dé, ìyá ọlọ́ṣẹ ti dé. Yorùbá bíi wa ni, ó ń ta ọṣẹ nínú ìsọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, rédíò kékeré kan sì wà níbẹ̀. Òun àti ìyá àgbà ò kí ara wọn láti ìgbà òjò, nítorí okùn ìsáṣọ. Ó sáré wọlé láìwé gèlè, ó ń ké pé, "Yéè! Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́! Mi ò tíì bẹ ìyá yìí kó tó lọ!"

Ìyá àgbà gbé ojú sókè nídìí àtẹ ẹ̀wà. "Ìyá wo nìyẹn? Ta ló kú?"

Ìyá ọlọ́ṣẹ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàtà rẹ̀ kan kù sílẹ̀.

"Ẹ padà wá mú bàtà yín!" ìyá àgbà ń pè é, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí mo jọ òkú lójú yín ni?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ títí mo fi gbọ́ ìró ọkọ̀ bàbá mi.

Ó fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu, rédíò ṣì ń kọrin. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí àpótí. Ó dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sunkún lójú gbogbo aládùúgbò, nínú aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sọ́jà. Mi ò rí i kó sunkún rí. Mi ò sì rí i kó sunkún mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tó dìde, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Kò sẹ́ni tó wò mí. Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà. Ta ló ń bá ìyá àgbà jà? Ta ló kọ́kọ́ sáré dé?

"Rédíò ni mo ti gbọ́ ọ!" ìyá ọlọ́ṣẹ ń búra.

"Ta ló wá sọ fún rédíò?" obìnrin kan dá a lóhùn. "Ẹ tọ́jú omijé yín o, ẹ ṣì máa nílò ẹ̀."

Àsìkò tí gbogbo ilé ń fọ aṣọ àti aṣọ fèrèsé nítorí ọdún ni, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ méjì ni àwọn ará àdúgbò wa ò ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mo mọ̀. Mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà ní kí n lọ dá bàtà rẹ̀ padà. Mo bá a láàárín ọṣẹ rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ó gba bàtà náà, ó wò mí. "Ìwọ náà gbà pé èmi ni?" Mo ní, "Rárá, mà." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní nínú gbogbo ilé wa, èmi nìkan ló gba òun gbọ́. Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ mọ́ mi láyé mi. Mo ṣe àmín. Mo ṣe é sókè, kó lè gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi àti àgbà tó jẹ́ olórí àwọn Yorùbá àdúgbò wa lọ sí iléeṣẹ́ rédíò náà. Àgbà yìí ló ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn ọdún mélòó kan: "Atọ́kùn ń bẹ̀ wá. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan ló pè, pé ó ní kí òun fi gìtá sí i, bàbá òun ò fẹ́ agogo. Bàbá rẹ dìde. Ó ní, 'Ó tó. Ẹ má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.'" Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ní láti ọjọ́ yẹn lọ, àwọn ò ní kéde òkú kankan mọ́ àfi kí àgbà ilé fúnra rẹ̀ wá.

Bàbá mi ò nà mí. Ì bá sàn ká ní ó nà mí. Ó mú mi lọ sí ìsọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ, mo sì kúnlẹ̀. Ìyá ọlọ́ṣẹ wò mí títí. Àgbà ló dájọ́: ó ní títí Kérésì á fi kọjá, kí n máa jókòó sínú ìsọ̀ náà, kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé èmi ni mo parọ́. Mo jókòó. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Àwọn oníbàárà padà. Ìyá àgbà tú okùn ìsáṣọ náà fúnra rẹ̀, ó lọ so ó síbi tí ìyá ọlọ́ṣẹ fẹ́. Bàbá mi ní tirẹ̀, kò tan rédíò mọ́ bí mo bá wà nínú ọkọ̀, títí ó fi ta ọkọ̀ náà. Ìyá ẹlẹ́ja ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọrin Kérésì fún wa lọ́nà, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ayé ti yí. Nínú ọkọ̀ mi lónìí, oníkálukú yín ló ní orin tirẹ̀ létí. Ẹni tí orin Kérésì bá sú á wá òmíràn lórí fóònù rẹ̀, kò ní láti pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ikú wá rọrùn ju ti ìgbà náà lọ. Mo ń rí i lẹ́nu iṣẹ́ mi: fọ́tò ẹni tó wà láàyè, àbẹ́là tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kárí ìlú kí onítọ̀hún tó jẹun àárọ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sì ní ìsọ̀ kankan tí wọ́n lè ní kó lọ jókòó sí.

Ìyá ọlọ́ṣẹ ṣì wà láàyè. Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá a, mo ní mo fẹ́ kọ ìtàn yìí fún yín, pé màá ṣàlàyé pé ìwà ọmọdé ni. Ó mi orí.

"Ọmọdé ni ẹ́ nígbà tí o gbé tẹlifóònù," ó ní. "Ọjọ́ méjì tí o fi dákẹ́ ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ìwà ọmọdé."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni kí n kọ ọ́. Ó ní kí n wá kà á fún òun lọ́jọ́ Sátidé kó tó dé ọwọ́ yín, àti pé ibikíbi tí mo bá ti gbè lẹ́yìn ara mi, òun máa ní kí n tún un kọ.